Ṣé o mọ̀? Ẹnu ọ̀nà kan náà ni irin àti òjé ń gbà wọ ara

Nínú ìfun wa, ọ̀nà tí èròjà irin inú oúnjẹ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ ni òjé náà máa ń yọ́ gbà. Bí irin bá wọ́n lára ọmọ, ìfun á ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kò sì ní dá àlejò mọ̀ yàtọ̀ sí olè. Òjé tó bá wọlé tán kì í jókòó jẹ́ẹ́: ó ń dí ara lọ́wọ́ láti fi irin ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín ilé, eruku òjé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣeré nídìí bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tú, torí òjé wà nínú rẹ̀.