Kí Ló Dé Tí Táǹkì Ọkọ̀ Mìíràn Kì Í Tètè Gba Epo?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sójú pátákó wa lọ́tẹ̀ yìí kan ẹni tó ní mọ́tò nílé, ó kan ẹni tó ń wọ mọ́tò èrò wá síléèwé, ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń ka Físíìsì. Ọ̀rọ̀ táǹkì tí kì í tètè gba epo ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i rí. Mọ́tò á dé ilé epo, ẹni tó ń ta epo á ki ẹnu pọ́ǹpù bọ ihò táǹkì, á tẹ̀ ẹ́. Epo kò ní tíì tó lítà méjì tí pọ́ǹpù á fi dún "kà!", tí á sì dáwọ́ dúró. Á tún tẹ̀ ẹ́, "kà!" Lítà mẹ́wàá péré, ó di wàhálà. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Dírẹ́bà á ní ẹni tó ń ta epo ò mọṣẹ́, tàbí pé ṣe ni wọ́n fẹ́ ta afẹ́fẹ́ fún òun.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta epo ní ilé epo kan nílùú yìí, àwọn ló ń jẹ irú èébú bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan lọ fẹjọ́ wọn sun máníjà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àkókò òun ṣòfò. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ padà wá, ó ní òun ti lọ sílé epo méjì mìíràn, ohun kan náà ni mọ́tò òun ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa nígbà họlidé, mo bá bi ọ̀gá wa níbẹ̀ léèrè, wọ́n sì fi hàn mí lábẹ́ mọ́tò ní kíkún. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

AFẸ́FẸ́ LÓ GBỌ́DỌ̀ KỌ́KỌ́ JÁDE

Táǹkì tí a ní ó ṣófo kò ṣófo rárá. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Kí epo tó lè wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde.

Ẹ lọ dán an wò nílé. Ẹ mú ìgò, ẹ fi àrọ há a lẹ́nu pinpin débi pé kò sí àlàfo kankan, kí ẹ wá da omi sínú àrọ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á dúró nínú àrọ, á máa kán tó, tó, tó. Ẹ gbé àrọ yẹn sókè díẹ̀, ẹ ó gbọ́ "gulu gulu", omi á sì wọlé wìrì. Kò sóhun tó ṣe omi náà tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ìgò ni kò rọ́nà jáde. Àwọn ìyá wa tó ń rọ epo pupa sínú ìgò mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wọn kì í fi kúrò lára àrọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì mọ́tò rí. Rọ́bà méjì ló so mọ́ ọrùn rẹ̀. Èyí tó nípọn ni epo ń gbà wọlé. Èyí tó tín-ín-rín ni afẹ́fẹ́ ń gbà padà jáde bí epo ṣe ń wọlé. Bí èyí tó tín-ín-rín bá dí, epo á máa ta padà sókè sí ẹnu ihò táǹkì.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ inú táǹkì kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, epo tó ti di atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Òun ni òórùn tí a máa ń gbọ́ nílé epo. Ó ń ba àyíká jẹ́, kò sì dára fún ara. Nítorí náà, láti orí ọkọ̀ ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ kéékèèké máa fúnra wọn gba atẹ́gùn yìí mú nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo sí i. Nígbà tó fi máa di ọkọ̀ ọdún 2000, gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun ló kàn níbẹ̀.

Àpótí dúdú kan báyìí ni wọ́n fi ń ṣe é, èédú ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe èédú tí a fi ń dáná o. Wọ́n ti ṣe é débi pé ihò wínníwínní tí kò níye wà lára rẹ̀, atẹ́gùn epo á lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á sì gba ihò kejì bọ́ sóde. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa fa atẹ́gùn epo yẹn kúrò lára èédú díẹ̀díẹ̀, á jó o bí epo. Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ tó wà ní títì wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá, nítorí náà àpótí èédú wà lábẹ́ wọn, bí ẹni tó ni ín ò tiẹ̀ mọ̀.

PỌ́ǸPÙ Ò LÓJÚ

Báwo wá ni pọ́ǹpù ṣe ń mọ̀ pé táǹkì ti kún? Àwọn kan rò pé iná mànàmáná ló ń sọ fún un. Rárá o. Ẹ wo ṣóńṣó ẹnu pọ́ǹpù, ẹ ó rí ihò kékeré kan níbẹ̀. Bí epo ṣe ń sáré kọjá nínú irin náà, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ihò kékeré yẹn wọlé. Tí epo inú táǹkì bá ti gòkè tó bo ihò náà, kò sí afẹ́fẹ́ láti fà mọ́. Agbára ìfàmọ́ra inú irin á pọ̀ sí i lójijì, á fa awẹ́ rọ́bà kan, ìyẹn á sì tú ohun tó di ọwọ́ pọ́ǹpù mú. "Kà!" nìyẹn.

Ẹ̀yin ará SS2, ọ̀rọ̀ Bernoulli tí wọ́n kọ́ wa nínú Físíìsì nìyí: ibi tí ohun tó ń ṣàn bá ti sáré, ipá rẹ̀ á dín kù níbẹ̀. Ọdún 1738 ni Daniel Bernoulli tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde, ọgbọ́n yẹn la sì ń lò nílé epo lónìí.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ rí dì mú níbẹ̀ ni pé pọ́ǹpù ò lójú. Epo tó ta padà sókè nítorí pé afẹ́fẹ́ há, àti epo tó gòkè nítorí pé táǹkì ti kún, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ẹni tó di pọ́ǹpù mú ò sì lè yí i padà.

BÍ A ṢE Ń WÁ IBI TÍ Ó TI DÍ

Ọ̀gá wa kì í kọ́kọ́ tú nǹkan. Ibi tó rọrùn, tí kò náni ní kọ́bọ̀, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

1. Ṣé pọ́ǹpù ni àbí mọ́tò? Pọ́ǹpù tó dára lè tú tó lítà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lítà 50 ni táǹkì Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008 ń gbà, ìyẹn ni pé kò yẹ kó gbà ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Tí nọ́ńbà ojú pọ́ǹpù bá ń rá pálá ṣùgbọ́n tí kò dún "kà", pọ́ǹpù ni ká fura sí: ó lè jẹ́ pé asẹ́ rẹ̀ ti dọ̀tí. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún "kà" ṣáá, tí mọ́tò tó wà níwájú sì gba epo dáadáa lára pọ́ǹpù kan náà, mọ́tò yín ni.

2. Ẹ yí ẹnu pọ́ǹpù padà. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta epo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó sì rọra tẹ̀ ẹ́. Tó bá gbà báyìí, ẹ máa rí epo lò dé ilé, àmọ́ àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀.

3. Ẹ yẹ ọrùn táǹkì wò. Àwọn kan máa ń sọ ìdérí táǹkì nù, wọ́n á fi àkísà tàbí ọ̀rá dí i. Lọ́jọ́ kan, àkísà yẹn á já bọ́ sínú. Mọ́tò tí wọ́n ti gbá lẹ́yìn rí, tí panẹbítà tún un ṣe, rọ́bà ọrùn táǹkì rẹ̀ lè ti ká tàbí kó fún pọ̀. Ìpatà náà lè wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ tọ rọ́bà tín-ín-rín náà lọ. Mẹkáníìkì ló máa ń ṣe èyí, torí abẹ́ mọ́tò ni, nítòsí táyà ẹ̀yìn. Ẹrọ̀fọ̀ lè dí i. Ó lè ṣẹ́ kọ́rọ́. Eruku ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́ lè kún ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Àwọn kòkòrò pàápàá fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà o: lọ́dún 2011, iléeṣẹ́ Mazda pe ọkọ̀ Mazda6 tó lé ní 50,000 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé irú aláǹtakùn kan ń tawù sínú rọ́bà yìí.

Ti ọkùnrin tó fẹjọ́ sùn yẹn náà, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹnì kan ti sọ fún un pé àfi kó ra táǹkì mìíràn. Nígbà tó padà wá, ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo rọ́bà afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì rẹ̀ tú u, ó bá ilé agbọ́n tó ń fi amọ̀ mọlé nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó parí. Ó sì wá bẹ ẹ̀gbọ́n mi níwájú máníjà.

5. Àpótí èédú. Àmì rẹ̀ ni pé mọ́tò kì í tètè ṣíná lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ epo tán, òórùn epo ń jáde, iná ẹ́ńjìnnì sì lè tàn lójú dáṣìbọọ̀dù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè gbé kóòdù P0446 jáde. Mẹkáníìkì á yọ rọ́bà tó ti táǹkì wá sára àpótí náà, níta gbangba, níbi tí iná kò sí, wọ́n á wá rọ epo díẹ̀ sí i. Tí táǹkì bá gbà á wọọ́ báyìí, ó hàn pé àpótí náà tàbí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló dí. Wọ́n á sì so rọ́bà náà padà kí mọ́tò tó kúrò níbẹ̀.

6. Fáàfù inú táǹkì. Èyí ni ká fi sí ìkẹyìn, torí wọ́n lè ní láti sọ táǹkì kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń PA ÀPÓTÍ ÈÉDÚ

Àwa fúnra wa ló ń pa á jù. Pọ́ǹpù á ti dún "kà", táǹkì ti kún lóòótọ́, oníbàárà á ní, "Ẹ fi díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí owó yẹn gún régé." Ẹni tó ń ta epo á máa fún un pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Epo tó pọ̀ jù yẹn á gba ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ, á rin èédú gbingbin. Atẹ́gùn ni wọ́n ṣe èédú náà fún, wọn ò ṣe é fún epo olómi. Tó bá rin léraléra, á bàjẹ́, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á dí. Táǹkì tí wọ́n ń fi tipátipá kún lónìí, òun náà ni kò ní gba epo lọ́la. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní "kà" àkọ́kọ́ tí táǹkì bá ti kún, ẹ jẹ́ ó tó.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ń gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ kàn yín níhìn-ín. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, ihò afẹ́fẹ́ wà lára ìdérí táǹkì. Tó bá dí, epo ò ní lè ṣàn lọ sí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kadà á kú lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí, tó mí "fúú", tó sì tún ṣíná lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ tún ihò yẹn ṣe.

ẸWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Atẹ́gùn epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Iná tó jìnnà díẹ̀ lè ràn án.

Ẹ má ṣe ṣáná sí ihò táǹkì láti wo inú rẹ̀, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó.

Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo jáde nínú táǹkì. Díẹ̀ tó bá ṣèèṣì gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pani. Bí ẹnì kan bá ti gbé e mì, ẹ má ṣe fi ipá mú un bì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó táǹkì torí pé ó ṣófo. Atẹ́gùn tó kù nínú rẹ̀ léwu ju epo tó kún un lọ.

Tẹ́ ẹ bá tún dé ilé epo tí pọ́ǹpù ń dún "kà" ṣáá, ẹ rántí ìgò àti àrọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún dírẹ́bà yín kó lọ wá ibi tí afẹ́fẹ́ há sí. Ẹ má bú ẹni tó ń ta epo. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn lẹ́bàá yàrá àwọn olùkọ́. Màá gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ nínú èyí tí yóò tẹ̀ lé e.