Wolé-wolé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Poly Ọ̀fà kọjá yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké níbi tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í dẹwọ́, pàápàá bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ lọ́wọ́, ìkìlọ̀ kékeré kan a máa yọ lójú ẹ̀rọ náà pé àtúnṣe tuntun ti dé. Àwọn oníkọ̀ǹpútà kan a gbà á. Àwọn mìíràn, ní Ọ̀fà àti ní ibòmíràn, a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọn a ní ó ń jẹ dátà, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn lè wà tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ: ó ṣeé ṣe kí ètò tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà má jẹ́ èyí tí a fi owó rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ẹ̀rù sì máa ba onítọ̀hún pé ẹni tí ó ní òun wá tún ilé ṣe lè jẹ́ ẹni tí ó wá yẹ ilé wò.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ní ìtàn.

Ètò kọ̀ǹpútà, tí a tún ń pè ní sọ́fítíwíà, ni àkójọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé. Nítorí pé ọmọ aráyé ni ó kọ ọ́, kò lè ṣàì ní àṣìṣe, àṣìṣe a sì máa di ihò tí olè ń gbà wọlé. Bí àwọn tí ó kọ ọ́ bá rí ihò bẹ́ẹ̀, wọn a fi ohun tí a ó fi dí i ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2003 ni Microsoft, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Windows, ti ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Kọ̀ǹpútà tí a bá fún ní àyè yóò gbà á wọlé fúnra rẹ̀, olówó rẹ̀ ìbáà wà níbẹ̀ tàbí kí ó má sí.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó kọ ètò fẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Bàtà tí ó wà ní ẹsẹ̀ ẹnì kan kò lè wà ní ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ní àkókò kan náà, ṣùgbọ́n ẹyọ ètò kan tí a rà lè di ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí èyí ni a ṣe ń ta láísẹ́ǹsì pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2005, Microsoft gbé ètò àyẹ̀wò kan kalẹ̀ tí ó pè ní Windows Genuine Advantage. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀pọ̀ ohun tuntun lọ́dọ̀ rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kí a yẹ Windows òun wò. Àyẹ̀wò náà a máa mú nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ, àti nọ́ńbà tí a fi ń dá háàdì-dísìkì rẹ̀ mọ̀. Microsoft ní òun kò mú orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ dàrú. Apá kan nínú àyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá àtúnṣe wọlé, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí ó jẹ́ kánjúkánjú. Ní oṣù kẹfà, ó hàn sí aráyé pé ojoojúmọ́ ni ó ń bá Microsoft sọ̀rọ̀ láti inú ilé oníkọ̀ǹpútà.

Àwọn àgbàlagbà mọ wolé-wolé dáadáa. Bí ó bá ń bọ̀, aṣọ kákí rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Onílé mọ̀ pé ìkòkò omi ni ó wá wò, bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ó sì mọ ilé-ẹjọ́ tí wọn yóò gbé òun lọ. Inú onílé kì í dùn sí i, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pè é ní amí. Ká ní ó gbé àkàbà àti òòlù lọ́wọ́, tí ó ní òun ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá dí òrùlé tí ń jò, tí ó wá ń ṣí ìkòkò wò láràárọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ńkọ́? Ẹ̀sùn tí a fi kan Microsoft nìyẹn. Kí oṣù náà tó parí, ó ti mú ìránṣẹ́ ojoojúmọ́ náà kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é lẹ́jọ́ ní Seattle. Ní ọdún 2010, adájọ́ kọ̀ láti sọ ọ́ di ẹjọ́ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹjọ́ náà sì kú.

Olùyẹ̀wò tún lè ṣi ènìyàn mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, àṣìṣe òṣìṣẹ́ mú kí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá Microsoft máa pe Windows tí a fi owó gidi rà ní ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ẹ̀rọ tí ó kàn kò tó 12,000. Èyí kò tu ẹni tí tirẹ̀ wà nínú wọn nínú.

Ti fóònù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Kryptowire ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ètò tí Adups, ilé-iṣẹ́ kan ní China, ṣe láti máa fi àtúnṣe sórí fóònù ń kó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn, àti àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n pè, lọ sí Shanghai ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn tí ó ra fóònù BLU kan ní Amẹ́ríkà wà nínú àwọn tí ó kó sí i.

Síbẹ̀, ẹni tí ó torí wolé-wolé ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, òjò ni yóò bá a wí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft fi ohun tí a ó fi dí ihò kan nínú Windows ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100, ó ti àwọn ìwé inú wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ilé-ìwòsàn ní Ìlú Ọba ní láti dá aláìsàn padà. Àwọn ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe ni ó kó sí i. Ó sì dunni pé nígbà tí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, Microsoft kò fi àtúnṣe ààbò du àwọn tí ayédèrú Windows wà lọ́wọ́ wọn.

Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tí ó bá ń kó ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ ọ́n, kí ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 náà wà, ó sì ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí a kò gbọdọ̀ dà kọ láìgba àṣẹ. Oníṣọ́ọ̀bù tí ń lo ayédèrú lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́ lábẹ́ òfin kìn-ín-ní, kí ó sì jẹ́ olùjẹ́jọ́ lábẹ́ èkejì, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.