Arúgbó tí iyè rẹ̀ rà kì í ṣe àjẹ́: Ohun tí ọ̀rá inú ọpọlọ ń ṣe

Bí ìyá àgbà kan ní Baṣọ̀run bá jáde nílé, tí kò mọ ọ̀nà padà mọ́, tàbí tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò ní pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn kan á ní aráyé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ni, ó ti ń kà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí wọ́n na arúgbó, tàbí kí wọ́n lé e kúrò nínú ilé tó kọ́.

Àìsàn ni, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó sì lórúkọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tó ń mú kí iyè rà ni Alzheimer. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ti kú wò, tó sì bá àwọn kókó kéékèèké níbẹ̀.

Báwo ni kókó ṣe ń dé inú ọpọlọ? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ ló bo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Purotéènì kan wà nínú awọ náà tí ara máa ń gé. Èyí tó já bọ́ lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní amyloid. Gbogbo wa la ní i, ara sì máa ń gbá a dànù. Bí ara kò bá rí i gbá tán mọ́, amyloid á lọ lẹ̀ mọ́ awọ ọlọ́ràá yẹn, wọn á máa kó ara wọn jọ níbẹ̀, bí àmàlà tí a kò rò dáadáa ṣe máa ń ní kókó. Irú ọ̀rá tó wà lára awọ náà, cholesterol pẹ̀lú, lè mú un yá tàbí kó falẹ̀. Àwọn tó ti ṣù pọ̀ á wá máa dá awọ náà lu, ohun tí kò yẹ kó wọlé á máa wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sì máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ìbàdàn ní ipa tirẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn aṣáájú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 wò ní Ìdíkàn. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé nínú 1,000 arúgbó Yorùbá, nǹkan bí 14 ni iyè wọn ń rà lọ́dún kan. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 32 ni.

Ohun tó tún yà wọ́n lẹ́nu ni ti APOE, purotéènì tó ń gbé ọ̀rá kiri inú ọpọlọ. Irú rẹ̀ kan, e4, máa ń mú kí ewu Alzheimer pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ó wà lára àwọn ará Ìdíkàn náà, ṣùgbọ́n kò pa wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Cholesterol ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ fura pé oúnjẹ àti ìgbé ayé wọn lọ́wọ́ sí i.

Kì í ṣe pé ọ̀rá tí a jẹ lónìí ló ń lọ di kókó lọ́la. Ọpọlọ ló ń ṣe cholesterol tirẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ fi cholesterol búburú inú ẹ̀jẹ̀ kún àwọn ohun tó lè fa àìsàn yìí. Nítorí náà, ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò, ẹ máa rìn, ẹ dín ọ̀rá ẹran kù, ẹ má sì fi ojú àti etí tó ń dùn yín ṣeré.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láti ọdún 2012 ni UCH ti ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò sì jìnnà sí Baṣọ̀run. Kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn, ṣùgbọ́n ìgbàgbé mìíràn wà tó jẹ́ pé oògùn tí arúgbó ń lò tàbí ìbànújẹ́ ọkàn ló fà á, ìyẹn sì ṣeé wò. Ẹni tí a bá ti pè ní àjẹ́, ta ni yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn?