Kókó Inú Àyà: Bí X-ray Ṣe Ń Tú Àṣírí Ikọ́ Ife Lára Ọmọdé

Bí wọ́n bá fura sí ikọ́ ife lára àgbàlagbà, wọn á gbé ike kékeré lé e lọ́wọ́, wọn á ní kó húkọ́ dáadáa, kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ńkọ́? Gbogbo abiyamọ ló mọ̀ pé ọmọ kékeré kì í tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣe ló máa ń gbé e mì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí díẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ ayẹ̀wò lè máà bá nǹkan kan níbẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn yìí kì í pọ̀ lára ọmọdé bíi tàgbà.

Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ikọ́ ife ń mú ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn olùṣèwádìí tó ṣírò ti ọdún 2015 rí i pé nínú gbogbo ọmọ tí àrùn náà pa, ó lé ní 90 nínú 100 tí kò rí oògùn rẹ̀ lò rárá. Oògùn wà o. Àìmọ ohun tó ń ṣe ọmọ ló pa púpọ̀ nínú wọn.

Ìdí nìyí tí àwòrán àyà tí ẹ̀rọ X-ray ń yà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Lára àgbàlagbà, ihò tí àrùn dá sí òkè ẹ̀dọ̀ fóró ni dókítà sábà máa ń wá. Tọmọdé yàtọ̀. Àwọn kókó kéékèèké kan wà nínú àyà, nítòsí ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti àrùn. Bí kòkòrò ikọ́ ife bá dé ibẹ̀, wọ́n á wú. Ọ̀nà èémí ọmọdé tóóró, ó sì rọ̀, nítorí náà kókó tó wú lè fún un pa, kí ọmọ máa mí hẹlẹhẹlẹ. Òjìji kókó yẹn ni wọ́n ń wá lórí àwòrán. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ya ọmọ níwájú, wọn á tún yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé kókó mìíràn fara pa mọ́ sẹ́yìn ọkàn. Nígbà mìíràn sì rèé, àrùn ti bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri: ẹ̀dọ̀ fóró méjèèjì á kún fún àmì tíntìntín, bí ẹni fọ́n ọkà bàbà síbẹ̀.

Kíka àwòrán yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú. Ìkókó ní ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń pè ní thymus lókè ọkàn, tó tóbi nígbà èwe, tó sì ń súnkì bí ọmọ ti ń dàgbà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní àrùn. Ọmọ tó ń sunkún, tó ń yí ara, lè ba àwòrán jẹ́ pátápátá. Kódà, àwọn àgbà onímọ̀ máa ń wo àwòrán kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu lórí bóyá kókó wú tàbí kò wú. Bí àwòrán bá sì mọ́ tónítóní, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé ọmọ kò ní ikọ́ ife.

Lọ́dún 2022, WHO gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, èyí tó ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Bí máàkì bá kọjá 10, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ gba 2 péré. Ibà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gba 5. Ṣùgbọ́n kókó tó wú lórí X-ray gba 17, àmì tó fọ́n káàkiri sì gba 15. Àwòrán nìkan ti tó nìyẹn. Wọn kò gbàgbé àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ: wọ́n ṣe ìlànà kejì tí kò béèrè X-ray, kí ọmọ má bàa kú síbi tí wọ́n ti ń dúró de fọ́tò.

X-ray tún wúlò fún mímọ bí oògùn yóò ṣe pẹ́ tó. Ìwádìí SHINE, tí wọ́n ṣe lára ọmọ 1,204 ní Uganda, Zambia, South Africa àti Íńdíà, fi hàn pé bí àrùn kò bá tíì le, oògùn oṣù mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ bíi ti oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì tí òbí kò ní fi bẹ ọmọ kó gbé oògùn mì kì í ṣe ohun kékeré! Àwòrán àyà wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àrùn ti le.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń ya inú àyà. Ẹ̀rọ CT ń fi kókó hàn kedere ju X-ray lọ, ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ fún ara ọmọdé. Ẹ̀rọ MRI kò ní irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láìmira, èyí tó sábà máa ń gba oògùn oorun. Ní Cape Town, àwọn dókítà ti ń dán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wò lára àwọn ọmọ, tí wọ́n ń gbé e sókè egungun àyà láti wá kókó náà.

Ní Nàìjíríà, tí ẹrù ikọ́ ife rẹ̀ wúwo jù ní Áfíríkà, ẹ̀rọ X-ray àgbékiri tí kọ̀ǹpútà ń bá a ka àwòrán ti ń wọ àdúgbò. Àwòrán àgbàlagbà ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí WHO fi fọwọ́ sí wọn lọ́dún 2021 fún ẹni ọdún 15 sókè nìkan. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ ọdún mẹ́rin dé ibi ẹ̀rọ náà, dókítà ni yóò ka tirẹ̀.