Àṣà tàbí Àṣìṣe: Ayàwòrán Ìtàn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Peckham àti Ohùn Lámèyítọ́

Ní òpópónà Peckham Road, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Camberwell wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1898. Ìrìn díẹ̀ síbẹ̀ ni Rye Lane, níbi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, àǹkárá àti gèlè. Ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ìtàn onáwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àdúgbò yìí yóò ní òǹkàwé oríṣi méjì: ẹni tó mọ bí a ṣe ń fa ìlà, àti ẹni tó mọ bí ìyá òun ṣe ń wé gèlè. Àwọn méjèèjì ni yóò sọ̀rọ̀, wọn kò sì ní dúró kí ìtàn parí. Agbẹ́gilére lè gbé ère pamọ́ títí yóò fi dán an tán. Ayàwòrán tó ń gbé ojú ìwé kan jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí bí ẹ̀gàn bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó ń ka ìtàn náà ni yóò máa retí ojú ìwé tí kò ní dé mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá bẹnu àtẹ́ lu àwòrán rẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé àṣà mi ni wọ́n ń wí, àbí àṣìṣe mi? Olóògbé Ọlábíyìí Yáì, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Benin, tọ́ka sí i pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe “ṣà” ni “àṣà” ti wá: ohun tí a ṣà láàrin ọ̀pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọwọ́ ṣe láìmọ̀ kò tíì di àṣà. Ayàwòrán tó ń fi “bí mo ṣe ń ya tèmi nìyẹn” dáhùn gbogbo ẹ̀sùn, tí kò sì lè sọ ohun tó ṣà àti ohun tó fi sílẹ̀, kò tíì ní nǹkan tó lè gbèjà.

Yorùbá kò kọ́ lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ òyìnbó. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé ère síwájú àwọn ará ìlú àti abúlé ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n ṣe ìdájọ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1973 fi hàn pé wọ́n ní òṣùwọ̀n tó dájú. Ọ̀kan ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Òmíràn ni ìfarahàn: kí ojú, ẹnu, irun àti ìlà ojú hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi jíjọra wo iṣẹ́ ayàwòrán wa. Bí òǹkàwé bá ní orí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ tóbi ju ara lọ, ìdáhùn wà. Nínú ère ìbílẹ̀, orí sábà máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí kan nínú mẹ́ta gíga ère, nítorí ipò orí nínú àyànmọ́ ẹ̀dá. Àṣà nìyẹn, bí ó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá ní ọkùnrin tí ìtàn pè ní ọmọ Oǹdó gbé àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìlà òòró kan gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a mọ Oǹdó sí. Ìlà ìbú ni ti àbàjà. Kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, kí ó tún un yà. Ìtàn ènìyàn gidi tún le ju èyí lọ: nínú “Our Roots” ti Táyọ̀ Fátúnlá, tó dá lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, òǹkàwé gbọ́dọ̀ dá ẹni tí a yà mọ̀.

Ìfarahàn ni ó yẹ kí ó máa ba ayàwòrán lẹ́rù jù. Ìlà wẹ́wẹ́ tó lẹ́wà lórí kọ̀ǹpútà a máa di eruku lójú fóònù. Awọ ara dúdú tí a yà sínú òru a máa wọnú òkùnkùn lọ, ẹyinjú nìkan ni yóò kù. Àwọn kan a wá da àwọ̀ eérú mọ́ ọn kí ó lè hàn, ni ẹ̀dá-ìtàn bá rí bí ẹni tí kò fi ìpara para lásìkò ọyẹ́. Òǹkàwé tó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ lè jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ òótọ́ ló sọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fa ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká, kí dúdú máa jẹ́ dúdú.

Ẹ̀sùn tó fúyẹ́ jù ni pé iṣẹ́ náà “dà bí ti Japan”. Tezuka Osamu, àgbà ayàwòrán Japan fúnra rẹ̀, kò fi pamọ́ pé òun kọ́ nǹkan lára Walt Disney. Odunze Oguguo, ọmọ Nàìjíríà tí a mọ̀ sí Whyt Manga, sì fi ìlànà Japan ya “Apple Black”. Ẹ̀sùn yìí ti pẹ́. Àìná Ọnàbólú ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, kí ó tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan kò gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ya ènìyàn kí ó jọ ọ́. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ rẹ̀ ti jọ ti òyìnbó jù. Ká ní ó tẹ̀lé ti àwọn méjèèjì, kì bá tí ya nǹkan kan.

Rowland Abíọ́dún ka ìlutí, ìyẹn kí a ní etí ìgbọ́, mọ́ ohun tí Yorùbá fi ń díwọ̀n ọnà, ó sì ka ìfarabalẹ̀ pẹ̀lú. Ìfarabalẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ayàwòrán fèsì lálẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta á lára. Ìlutí ni yóò jẹ́ kí ó béèrè pé, “Kí ni ẹ rí níbẹ̀?” kí ó tó sọ èrò tirẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọra wọn bá kọsẹ̀ ní ojú kan náà, ibẹ̀ ni kí ó tún ṣe, ìbáà jẹ́ pé àlàyé wọn kò dọ́gba. Èébú kò nílò èsì.

Ibì kan wà tí kò sí àyè àríyànjiyàn: ọ̀rọ̀ tí a kọ sẹ́nu àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì ni kò ní àmì abẹ́ fún ẹ, ọ àti ṣ, ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Ayàwòrán a wá kọ “oko” lásán. Ọmọ tí a bí sí Peckham, tó ń fi ìtàn náà kọ́ èdè ìyá rẹ̀, kò ní mọ̀ bóyá oko ni bàbá ń lọ, ọkọ́ ni ó gbé lọ́wọ́, ọkọ̀ ni ó wọ̀, àbí ọkọ ẹnìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, tó sì ń fi àmì sí i bí ó ṣe ń fa ìlà àwòrán, bọ́ nínú wàhálà yìí, bí ojú ìwé tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde.