Ilé ò parí, owó ti tán: ta ló jẹ̀bi, onílé ni àbí bíríkìlà?

Ọ̀rọ̀ tòní kan onílé, ó kan oníṣẹ́. Àdúgbò wo lẹ máa dé tí ẹ ò ní í rí ilé tí wọ́n kọ́ dé ojú fèrèsé, tí koríko ti hù nínú yàrá rẹ̀? Àwọn aládùúgbò á ní ayé ló ṣe onítọ̀hún. Ayé kọ́ o! Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjà onílé àti ẹni tó gbaṣẹ́ ló dá ilé náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, ó ra ilẹ̀ sí Ìkòròdú, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì. Ó pe ọ̀gá bíríkìlà.

"Ọ̀gá, èló ni gbogbo ẹ̀?"

"Màmá, ẹ mú mílíọ̀nù mẹ́rin wá, owó iṣẹ́ àti ohun èlò ló wà níbẹ̀, màá kọ́ ọ dé òrùlé. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mo jẹ́."

"Ọmọ yín ni mo jẹ́" yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan kan sílẹ̀! Màmá ka mílíọ̀nù méjì fún un. Kò sí ìwé, kò sí rìsíìtì. Nígbà tó di oṣù kejì, sìmẹ́ńtì gbówó lórí, ọ̀gá ní owó ò tó mọ́. Màmá náà sì ti ní kó bá òun fẹ ṣọ́ọ̀bù kejì sí i, kó ṣe ibi ìdáná sẹ́yìn, ṣebí nǹkan kékeré ni. Ọ̀gá ní iṣẹ́ tuntun nìyẹn, kí màmá mú owó wá. Màmá ní inú mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà. Ariwo ta. Ọ̀gá kó ṣọ́bìrì ẹ̀, ó di àwátì.

Ta ló jẹ̀bi? Lójú òfin, àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni. Àmọ́ tó bá dé iwájú adájọ́, ta ni ẹlẹ́rìí? Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ní iye kan ṣoṣo, tohun èlò tohun èlò, òun ló máa ru ẹrù ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì, àfi tí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ọjà bá wọ́n, owó á lé. Iṣẹ́ àfikún tí onílé fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀ yàtọ̀, oníṣẹ́ lè béèrè owó ẹ̀. Tèmi ni pé ọ̀gá jẹ̀bi ti sìmẹ́ńtì, màmá jẹ̀bi ti ibi ìdáná.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin àdéhùn tá à ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹjọ́ kan sì wà tí wọ́n dá lọ́hùn-ún lọ́dún 1898 tí àwọn lọ́yà ṣì ń kà. Sumpter gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Hedges láti kọ́ ilé méjì àti ilé ẹṣin, £565 ni gbogbo ẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ tó tó £333, owó tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Hedges parí ilé náà fúnra ẹ̀, ó sì lo àwọn ohun èlò tí Sumpter fi sílẹ̀. Kóòtù ní kí Hedges san owó ohun èlò yẹn. Owó iṣẹ́ tó kù ńkọ́? Wọ́n ní kò sí! Iye kan ni wọ́n dá fún gbogbo iṣẹ́, ẹni tó gbà á ò sì parí ẹ̀. Ó le, àbí kò le?

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pín owó sí ìpele, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ìpìlẹ̀ parí, iye báyìí, bulọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé, iye báyìí, páànù gorí ilé, iye báyìí. Kí onílé di díẹ̀ mú títí òjò á fi rọ̀, tá a ó rí i pé òrùlé ò jò. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá náà ń gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àfikún, kí ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, ì báà ṣe ẹ̀yìn páálí sìmẹ́ńtì lẹ kọ ọ́ sí, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Màmá tí ò bá mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Òfin kan wà fún ààbò yín: ẹni tó bá báa yín kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún yín, kó túmọ̀ ẹ̀ kó yé yín kí ẹ tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiẹ̀ sísàlẹ̀. Tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi ìwé náà mú yín.

Ká wá ní ìjà ti dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sá lọ ni àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n lè ti ọ̀gá mọ́lé. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bó bá jẹ́ jìbìtì ló ti wà lọ́kàn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tó kówó sá lọ, tiwọn nìyẹn. Gbèsè lásán kì í ṣe iṣẹ́ wọn, owó tí ẹ sì ń ná kiri níbẹ̀ ì bá ti ra páànù.

L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba dá sílẹ̀ máa ń pe àwọn méjèèjì jókòó, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí ìyẹn ò bá yọrí, kóòtù gbèsè kékeré tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2018 wà lábẹ́ kóòtù májísíréètì. Gbèsè tí ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ lè rojọ́ yín fúnra yín láìgba lọ́yà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì fi lélẹ̀ pé kí ẹjọ́ parí. Ẹ máa kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ onígbèsè ná. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹ lè tọ́ka sí. Bíríkìlà tó ní ìwé pé òrùlé ti gorí ilé, ó ku N600,000, ẹjọ́ tiẹ̀ ti rọrùn. Onílé tó ní "iṣẹ́ náà ò dáa" láìmọ iye tó bàjẹ́, kóòtù míì ló máa lọ.

Ẹ má sì máa fi dọ́la. L'Ékòó, ọdún mẹ́fà lẹ ní láti pe ẹjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tí onítọ̀hún ti yẹ àdéhùn lẹ ó sì ti máa kà á.