Agbe Ń Bẹ Létídò Wa: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Agbe kì í sábà bà sí gbangba. Igbó etídò ló fẹ́ràn, níbi tí igi ńláńlá ti kóra jọ láàárín ọ̀dàn, irú èyí tó wà káàkiri láti Òsì títí dé Ìlọ́fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Èso ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà bí ọdán tàbí ọ̀pọ̀tọ́ bá ti ń so, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i: igbe ńlá tó ń léra wọn, tí èkejì rẹ̀ á sì máa gbè é.

Ojú àti apá

Agbe tó bá ilẹ̀ wa mu jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Violet Turaco. Ara rẹ̀ dà bí aṣọ tó mu aró yó. Lábẹ́ òjìji, ẹ lè pè é ní ẹyẹ dúdú. Ẹ wá ojú rẹ̀: iwájú orí jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àgógó rẹ̀ ki, ó sì pọ́n, àtàrí pupa, ìlà funfun kan sì gba ẹ̀yìn ojú lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Kì í kánjú fò. Orí ẹ̀ka ló ti máa ń sáré.

Bó bá wá na apá, pupa yòò! Bàbà gidi ló wà nínú àwọ̀ pupa yẹn. Arthur Herbert Church, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fi èyí hàn ní 1869. Ìdílé agbe nìkan la ti rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹyẹ.

Àwọn ìbátan rẹ̀

Ẹ má fi apá pupa nìkan dájọ́. Turaco aláwọ̀ ewé náà ní in, àmọ́ ara rẹ̀ tutù bí orúkọ rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ eérú, tí àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tó ń kígbe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín létí oko, kò ní pupa lápá rárá. Funfun ló ní. Great Blue Turaco tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó lè lé ní àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà, apá tirẹ̀ náà kò sì pupa. Igbó kìjikìji ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí i nítòsí Ìlọ́fà, ẹ bi í bí ìrù rẹ̀ ti rí.

 

Bí ẹ bá ti rí i

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Agbe ń gbé èso mì, ó ń ya kóró rẹ̀ síbòmíràn, igi sì ń ti ibẹ̀ hù. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, orúkọ odò àti igi tó bà lé sílẹ̀. Láti 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project, tí iléeṣẹ́ ìwádìí APLORI ní Jos ń tì lẹ́yìn, ti ń gba irú àkọsílẹ̀ báyìí lọ́wọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n pín máàpù Nàìjíríà sí igun-igun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án níhà kọ̀ọ̀kan, fóònù ọwọ́ yín sì tó láti fi ránṣẹ́ sí wọn.